Ogun Kírìjì: Bí Èkìtì Parapọ̀ Ṣe Bọ́ Àjàgà Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ gbé ìwé yín sún mọ́ rédíò, nítorí ọ̀rọ̀ tòní kàn yín.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó ti wà lábẹ́ ìjọba ńlá kan fún ọ̀pọ̀ ọdún tó jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n sọ pé, ó tó gẹ́ẹ́? Bí wọ́n bá sì ti sọ ọ́, kí ni wọ́n fi ń borí?

Bí mo bá bi àwọn ọmọ ilé ìwé, Amẹ́ríkà ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Mi ò bá wọn wí, ohun tí wọ́n kà nínú ìwé nìyẹn. Àwọn òyìnbó tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tẹ̀dó sí òkè òkun, ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá, ni wọ́n yarí fún ọba wọn. Owó ló dá ìjà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń bu owó lé wọn lórí, wọn kò sì ní ẹyọ ẹnìkan níbẹ̀ tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1773, wọ́n da ẹrù tíì ọlọ́ọ̀pọ̀ owó sínú omi ní èbúté Boston. Ní 1775, ìbọn dún. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1776, wọ́n kéde pé àwọn ti dá dúró. Ọdún 1783 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì tó fọwọ́ sí i.

Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé ó dìgbà tí a bá wọ ọkọ̀ òkun kí a tó rí irú ogun bẹ́ẹ̀? Rárá o. Ẹni tó bá fi ìdájí wọ mọ́tò ní Tẹ̀dé, ní Òkè-Ògùn níhìn-ín, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti dé Ìgbájọ, ó sì ti rí Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ìlú méjèèjì yìí, nínú òkè àti àfonífojì, ni Èkìtì àti Ìbàdàn ti ja ogun Kírìjì. Ìró ìbọn tó ń dún tí òkè ń gbà á sọ ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ.

Kí n tó wọ inú ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó wà lọ́kàn mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá níhìn-ín. Ìbàdàn tí Èkìtì bá jà, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò ní pápá Ọ̀yọ́-Ilé ló pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ Aláàfin ṣì ni wọ́n ń dá, kódà nígbà tí agbára ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nínú ìtàn yìí, ará ilé tiwa ni ọ̀gá. Àwọn ẹlòmíràn ló ń wá òmìnira lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn láti ròyìn ìyà tí wọ́n fi jẹ òun. Ìyà tí ará ilé ẹni fi jẹ ẹlòmíràn, ẹnu kì í fẹ́ ròyìn ìyẹn. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi mú un wá sí Òkè-Ògùn.

Báwo ni Ìbàdàn ṣe di ọ̀gá? Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń tú lọ, Ìbàdàn jẹ́ bùdó ogun lásán. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn jagunjagun rẹ̀ ṣẹ́ ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ìyẹn ló dá ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin dúró tí wọn kò fi dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo ènìyàn ló sì yẹ kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá gbani sílẹ̀ kò padà sílé. Ó jókòó. Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìgbómìnà, Àkókó, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n di ẹni tó ń sìn. Ní 1870, Iléṣà alára bọ́ sí Ìbàdàn lọ́wọ́.

Ìlú tó bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á fi àjẹlẹ̀ síbẹ̀. Ta ni àjẹlẹ̀? Òun ni ojú àti etí ọ̀gá nínú ìlú. Òun ló ń gba owó ìsìn. Ilé rẹ̀ wà láàárín ìlú, ìlú ló sì ń bọ́ ọ, òun, ẹṣin rẹ̀, àti gbogbo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn yìí gan-an ni wàhálà. Wọ́n á wọ ọjà, wọ́n á mú adìẹ lórí àtẹ, wọ́n á bu èlùbọ́ nínú igbá ìyá àgbà, wọ́n á máa lọ. Ta ni yóò béèrè owó? Wọ́n á wọ oko olóko, wọ́n á hu iṣu tí wọn kò gbìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ebè ní Tẹ̀dé, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ń dun ènìyàn nínú iṣu tí ẹlòmíràn hu. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn wọ̀nyí fi ti ẹrú jẹ́ ẹ, wọ́n tún fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé wa. Owó ìsìn, Èkìtì lè san án. Wọ́n ti ń san án tipẹ́. Ìwọ̀sí ojoojúmọ́, ní ojú ìyàwó àti ọmọ ẹni, ni ara kò gbà mọ́.

Ní ọdún 1878, ó ṣẹlẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ìgbódò, ìlú tí a mọ̀ sí Òkè-Mẹ̀sí lónìí. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fábùnmi. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ará ilé àjẹlẹ̀ fi ìyàwó rẹ̀ wọ́lẹ̀. Fábùnmi kò lọ ṣẹjọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, nítorí ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Ó fa idà yọ, orí àjẹlẹ̀ kúrò lọ́rùn. Òun náà mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ìlú mìíràn náà fi kọjú sí àjẹlẹ̀ tiwọn.

Wàyí o, pípa àjẹlẹ̀ rọrùn ju ohun tó tẹ̀lé e lọ. Kí ló tẹ̀lé e? Ìṣọ̀kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Èkìtì ti wà ní ìṣọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọba tirẹ̀, òkè tirẹ̀, àti ìjà àtijọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò. Ọ̀nà tí Ìbàdàn fi mú wọn nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ká ilá. Ní àkókò yìí, wọ́n para pọ̀. Ọwá Iléṣà wà níbẹ̀, Ọ̀ọ̀rè Ọ̀tún wà níbẹ̀, Ajerò Ìjerò àti Ẹlẹ́kọ̀lé Ìkọ̀lé wà níbẹ̀. Ìgbómìnà àti Àkókó bá wọn lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀.

Ṣé wọ́n borí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Ó ti o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, àwọn àti ọmọ ogun Ìlọrin tó dara pọ̀ mọ́ wọn yí Ìkìrun ká. Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, Balógun Ìbàdàn, já lù wọ́n. Ó le débi pé bí wọ́n ṣe ń sá ni wọ́n ń kó sínú odò Ọtín, omi sì gbé ọ̀pọ̀ lọ. Ogun Jálumi ni a ń pè é. Ẹni tó bá rí wọn lọ́jọ́ yẹn máa sọ pé ó ti tán.

Kò tán. Wọ́n lọ pe Ògèdèǹgbé.

Ògèdèǹgbé, Agbógungbórò, ọmọ Iléṣà, kì í ṣe àjèjì sí Ìbàdàn. Ìbàdàn ti mú un rí lójú ogun, ó sì gbé láàárín wọn. Níbẹ̀ ló ti rí bí wọ́n ṣe ń to ọmọ ogun, bí wọ́n ṣe ń pa àgọ́, bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀tá wọ inú ewu. Kì í ṣe òun nìkan. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gágun Èkìtì ló jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn. George Washington tó lé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́kọ́ jagun rí, nígbà tí wọ́n ń bá Faransé jà. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ níjà, ó yẹ kó mọ̀ pé ọmọ náà ń wo ọwọ́ òun.

Nígbà tí Ògèdèǹgbé gba ọ̀pá àṣẹ, ìjà wá dúró sójú kan. Èkìtì pa àgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòóṣà kó Ìbàdàn jáde, ó pa àgọ́ sí ìhà Ìgbájọ. Wọ́n kọjú sí ara wọn fún ọdún mélòó kan tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí ẹlòmíràn nídìí. Ẹ má rò pé àgọ́ yìí jẹ́ àtíbàbà o. Ilé amọ̀ ni. Oko wà lẹ́yìn rẹ̀, ọjà ń ná nínú rẹ̀, àwọn obìnrin ń bímọ síbẹ̀, ọmọ sì ń dàgbà tí kò mọ ìlú mìíràn ju ojú ogun lọ.

Kí ló wá yí ọwọ́ ogun padà? Ìbọn ni. Ẹ̀yin ọdẹ, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ mọ iṣẹ́ tó wà nídìí ṣakabùlà. Ẹ óò da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ẹ óò fi nǹkan dí i, ẹ óò kó ọta lé e, ẹ óò fi ọ̀pá gún un kó lè wọlé dáadáa. Ẹ óò tún bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí iná máa gbé ràn. Gbogbo wàhálà yìí fún ìró ẹyọ kan. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, ó ti bàjẹ́. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ìbọn tó wá bọ́ sí Èkìtì lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní Snider, ìdí ni wọ́n ti ń ki ọta sí i. Ẹ̀tù àti ọta ti wà pọ̀ nínú kátíríìjì. Kí ará Ìbàdàn tó fa ọ̀pá rẹ̀ yọ, ẹni ọ̀hún ti yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbàdàn tó ti mọ́ lára pé kí àwọn sá mọ́ ọ̀tá wá rí i pé sísá mọ́ ọ̀tá ti di ikú.

Níbo ni àgbẹ̀ orí òkè ti rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀? Níbi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ rántí ogun Amẹ́ríkà tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń pariwo òmìnira níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹrú nílé. Àwọn ẹrú dúdú náà gbọ́ ariwo náà. Gẹ̀ẹ́sì sì ṣèlérí pé ẹrú tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń bá ọba jà, á di òmìnira. Wọ́n sá lọ. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pàdánù, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sí Nova Scotia ní Kánádà. Òtútù àti ìṣẹ́ fojú wọn rí màbo níbẹ̀. Ní ọdún 1792, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn tó wọ ọkọ̀ padà sí ilẹ̀ adúláwọ̀, wọ́n sì tẹ Freetown dó ní Sàró.

Freetown yìí kan náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrú tí wọ́n bá gbà lójú òkun lọ láti 1808. Ta ni wọ́n ń kó débẹ̀ jù nígbà tó yá? Yorùbá ni. Ogun abẹ́lé wa ló ń pèsè wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ìwé, wọ́n kọ́ òwò, wọ́n sì padà wálé. Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí. Àwọn mìíràn ti Bràsíl dé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì inú wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ náà ní Èkìtì Parapọ̀. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó. Wọ́n tún ń ra ìbọn.

Ẹ wò ó bí ayé ṣe ń yí. Àwọn tí ogun kó lọ tà, àwọn àti ọmọ wọn ló fi ìbọn ránṣẹ́ sílé.

Báwo ni ẹrù náà ṣe ń dé òkè? Ọ̀nà Oǹdó ni. Ìjọba Èkó ti ṣí ọ̀nà yẹn ní nǹkan bí ọdún 1872 kí òwò lè kọjá láìgba ti Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá. Ọ̀nà òwò ló di ọ̀nà ìbọn. Ìbàdàn ní tirẹ̀, ibo ló máa gbà? Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti dínà mọ́ ọn níwájú. Ìlọrin ń jà á ní Ọ̀fà lẹ́yìn. Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi agbára mú gbogbo ènìyàn, ọjọ́ tó bá ṣubú, kò ní rí ẹni tó máa na ọwọ́ sí i. Àwa ará ìwọ̀-oòrùn náà jìyà rẹ̀. Nígbà tí gbogbo akọni wà ní Kírìjì, Dàhọ̀mì ń rìn fàlàlà ní ẹ̀gbẹ́ tiwa, wọ́n sì pa Kétu run ní 1886.

Ogun wá sú gbogbo ènìyàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ̀wé sí Gómìnà Èkó pé kó bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mìíràn ń bá Aláàfin wí lórí lẹ́tà yìí títí dòní. Èmi kò lè bá wọn dá a lẹ́bi tán. Nígbà tí ọmọ ẹni méjì bá ń fi idà ṣá ara wọn lọ́dún kẹrin, ta ni ènìyàn kò ní ké sí?

Látòóṣà kú sí àgọ́ ní 1885, kò fojú kan Ìbàdàn mọ́. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson láti Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips láti Oǹdó, Yorùbá ni àwọn méjèèjì, ló ń ru ọ̀rọ̀ láti àgọ́ kan sí èkejì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1886, wọ́n tẹ ọwọ́ bọ ìwé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n kà á sétí gbogbo ọmọ ogun ní Kírìjì. Kí ló wà nínú rẹ̀? Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn di òmìnira. Ìbàdàn kò ní àṣẹ lórí wọn mọ́. Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì àti Àdá á wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ lè kó.

Ohun tí Fábùnmi yọ idà fún nìyẹn, ó ti wà lórí ìwé. Mo tún un sọ: lórí ìwé ni. Ìjà Ọ̀fà kò dáwọ́ dúró, Modákẹ́kẹ́ kò kúrò níbi tí ìwé ní kí wọ́n kúrò, àwọn ọmọ ogun kò sì fi ojú ogun sílẹ̀ tán. Ọdún 1893 ni Gómìnà Carter tó gòkè wá láti Èkó pẹ̀lú sójà tí gbogbo wọn fi tú ká. Ó ti fọ́ Ìjẹ̀bú ní ọdún tó ṣáájú, gbogbo ìlú ló sì ti gbọ́ bí ìbọn tuntun rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà wà níhìn-ín. Faransé ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní gbangba láti 1778. Ó fún wọn ní owó, ọkọ̀ àti ọmọ ogun, nítorí ó kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun parí, Faransé palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ sílé. Ẹni tó wá la tiwa kò lọ sílé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1893, Captain Bower jókòó sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1894, ó mú Ògèdèǹgbé, ẹni tó ti kò Ìbàdàn lójú fún ọdún gbọọrọ. Ní 1895, ó yí ẹnu àgbá sí Ọ̀yọ́, ó sì yìn ín lu ìlú Aláàfin tó kọ lẹ́tà ìjọ́sí.

Wọ́n dá Ògèdèǹgbé sílẹ̀ nígbà tó yá. Ó padà sí Iléṣà, ó jẹ Ọbańlá, ó sì wà láyé títí di 1910. Ní 1896, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti Sàró dé, Frederick Kúmókùn Haastrup, oníṣòwò ní Èkó, gorí àpèrè Ọwá ní Iléṣà. Ajímókò Kìíní ni orúkọ oyè rẹ̀. Àjẹlẹ̀ Ìbàdàn kò sí ní ìlú mọ́ nígbà tó jọba. Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀.

Àkókò ti lọ. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé, àwa ará Òkè-Ògùn ńkọ́, ṣé a kàn jókòó ni? Rárá o. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1916, Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba tuntun náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló sì jẹ́ kí Òkèhò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní 1917. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà. Ẹ̀yin àgbà Òkèhò tí ẹ bá ní ohun tí bàbá yín sọ fún yín nípa rẹ̀, ẹ bá wa fi ránṣẹ́.